Fèrè Tèmi Wà Lọ́rùn Mi

Ẹ̀gbọ́n na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú gbogbo ìdílé rẹ̀. "Ẹ kó o wá," ó ní. "Ẹ kó o wá kó tó sọnù."

Fèrè ló ń gbà. Ẹ̀ṣọ́ igbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ wọn lọ́rùn lẹ́nu géètì igbó ọba ni, fèrè kéékèèké tí àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n, tí wọ́n so mọ́ okùn dúdú. Ẹ̀ṣọ́ náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti ha nítorí ọ̀rọ̀ tó ń bá àlejò sọ, ti ṣàlàyé títí. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má kọjá okùn pupa. Àwọn ẹfọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, abiyamọ ẹfọ̀n ò sì mọ ẹni tó kàn wá gbafẹ́. Ẹni tó bá ṣìnà, kó dúró sójú kan, kó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kó sinmi díẹ̀, kó tún fun ún. "Ariwo odò inú ibí yìí máa ń gbé ohùn èèyàn mì," ó ní. "Ẹ lè pariwo títí ọ̀fun yín á fi bó, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Fèrè ló ń la ariwo omi kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹnì kan, fèrè kan."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tilẹ̀ ń mi orí bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ yíjú sí àwọn àlejò mìíràn ló wá na ọwọ́.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ìkà. Bàbá wọn kú nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ò tíì hu irùngbọ̀n, láti ìgbà náà ló ti ń bá gbogbo ilé di nǹkan mú. Nílé iṣẹ́ káfíńtà tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń ṣe, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ máa ń wà, tí àbúrò tó ti ń hu ewú bá fẹ́ mú ìṣó, á dúró dè é kó wá ṣí i. Lónìí, omi gbogbo wọn wà nínú àpò tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, búrẹ́dì wà níbẹ̀, oògùn orúnkún Màmá, ìyá wọn, wà níbẹ̀. Ó wá ku fèrè.

Màmá bọ́ tirẹ̀ fún un láìwojú. Àbúrò rẹ̀ náà bọ́ tirẹ̀. Ó wá kan Ìyàwó, aya àbúrò náà.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," Ìyàwó ní. "Ẹ jẹ́ kí tèmi wà lọ́rùn mi."

Ìyàwó ni gbogbo ìdílé ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó bí fún wọn ti ń wọ bàtà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tirẹ̀. Aránṣọ ni, aṣọ iléèwé ló máa ń rán jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o máa ń wá abẹ́rẹ́ kiri ilé nígbà tó wà lẹ́nu rẹ?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín nítorí pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò lọ sọ́rùn. "Ẹ ò purọ́. Èyí ò ṣáà sí lẹ́nu mi, ọrùn mi ló wà."

"Ti ọmọ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Lọ́yà ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n máa sọ fún un tí kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò bèèrè nǹkan kan.

"Ti Lọ́yà náà á wà lọ́rùn rẹ̀," Ìyàwó ní.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé ò ń gbọ́ ìyàwó rẹ?"

"Mo ń gbọ́, Ẹ̀gbọ́n." Ọkọ Ìyàwó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ojú kan tí obìnrin náà mọ̀ dáadáa. Jọ̀ọ́, lónìí nìkan, ni ojú náà máa ń wí. Ìyàwó ti fi ọdún pípẹ́ ṣe lónìí nìkan, ó sì ti sú u. Ó yíjú kúrò, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bọ́ sójú ọ̀nà.

Fèrè kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí, gbogbo wọn ló mọ̀. Báàgì kan wà nínú bùùtù ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n níta, báàgì Lọ́yà ni. Ní ọjọ́ ìsinmi kan báyìí ni Ẹ̀gbọ́n wá jókòó sí pálọ̀ wọn, lórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún wọn, tó kéde pé Lọ́yà á wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Iléèwé dáadáa wà lẹ́bàá ilé òun, àwọn ọmọ òun ti dàgbà kúrò nílé, ìyàwó òun tilẹ̀ ti ta kọ́tìnì sí yàrá. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n." Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ Ìyàwó. Ó dìde wọ yàrá, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Nígbà tí àlejò lọ, ó bá ọkọ rẹ̀ ní kíṣìnì. "Mi ò fẹ́," ó ní.

"Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn?" ọkọ rẹ̀ ní. "Àwọn ló pọ̀n mí dàgbà."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Igbó ọba yìí ni ìgbafẹ́ ìdágbére, láti ibẹ̀ Ẹ̀gbọ́n á já ìyá àti bàbá Lọ́yà sílé, á sì máa gbé ọmọ lọ. Èyí tó ń ká Ìyàwó lára jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló di báàgì náà. Ó ká aṣọ ọmọ ní mẹ́rin mẹ́rin, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa síìpù rẹ̀ pa, bí ẹni pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ara rẹ̀ gan-an ni inú ń bí i sí jù lọ.

Ọ̀nà inú igbó náà dára. Wọ́n gbá a mọ́, wọ́n na okùn pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ibi ìjókòó onípákó sì wà níbi tí ó bá ti ga. Ọ̀bọ ń fò lókè wọn. Lọ́yà ti rí ohùn rẹ̀ padà, ó ń bèèrè ìdí tí ọ̀bọ kì í fi í já bọ́, àti ibi tí ẹfọ̀n máa ń sùn. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ariwo odò ń pọ̀ sí i, títí tó fi di pé wọ́n ní láti sún mọ́ ara wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Níbi ìjókòó kan ni Màmá ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Ibẹ̀ náà ni Ẹ̀gbọ́n ti rí igi.

Igi ńlá kan ló wó sínú igbó, jìnnà díẹ̀ sí okùn, gbòǹgbò rẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Ibi tó ti ya fi inú rẹ̀ hàn, ó pupa, ó ń dán. Káfíńtà méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo ìdérí ìkòkò.

"O rí nǹkan," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ọjọ́ wo la ti ń wá irú ẹ̀ kiri? Wọ́n wá fi í sílẹ̀ kí ìkán máa jẹ ẹ́."

"Pákó tó máa yọ níbẹ̀ ò kéré," àbúrò rẹ̀ ní, ojú rẹ̀ ti tàn.

"Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ká kàn fọwọ́ kan ara rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká má kọjá okùn, Dádì Ńlá," Lọ́yà ní. "Kí ló dé tí wọ́n so ó?"

"Nítorí àwọn tí ò mọ igi ni." Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn, ó nawọ́ sí ọmọ náà. "Máa bọ̀, kó o wá rí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò rí rí."

Lọ́yà ti gbé ẹsẹ̀ kan kí Ìyàwó tó mọ̀ pé òun ti di èjìká rẹ̀ mú.

"Kò ní lọ," Ìyàwó ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ọmọ mi ò ní kọjá okùn, Ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ò ní kọjá." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu, kò sì fẹ́ gbé e mì mọ́. "Bàbá Lọ́yà, ẹ má lọ."

Kò sọ irú ẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ rí lójú ẹbí. Ọkùnrin náà dúró láàárín wọn, okùn pupa ń kan orúnkún rẹ̀.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún ẹ nílé rẹ nìyí?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

Ọkọ Ìyàwó wo ilẹ̀. "A ò ní pẹ́," ó ní, ó sì gbé ẹsẹ̀ kọjá.

Wọ́n lọ. Ewé padé lẹ́yìn wọn. Ìyàwó jókòó ti Màmá, ó gbé Lọ́yà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dirun fún un.

"Ìyàwó mi," Màmá ní, "o le lónìí o."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá."

"Ẹni tẹ́rù ń bà kì í sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Èmi tẹ́rù ń bà gan-an ni mo sọ ọ́."

Màmá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Èmi náà ò bá wọn lọ, ṣé o rí i? Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni mo ti ń wò ó." "Ọmọ mi yẹn gbé gbogbo yín dàgbà, kò wá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ èèyàn kalẹ̀. Ó ti gbàgbé pé ẹ lẹ́sẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn nípa Lọ́yà, Màmá."

"Ìwọ náà lẹ́nu, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ báyìí."

Oòrùn ti ń yí kúrò lórí ìjókòó wọn kí ewé tó tún mì. Ẹ̀gbọ́n ló jáde, òógùn bò ó. Òun nìkan ni. Ó wo ìjókòó, ó wo ọ̀nà sókè, ó wo ọ̀nà sísàlẹ̀.

"Kò tíì dé ni?" ó ní.

Ìyàwó dìde. "Ta ni kò tíì dé?"

"Mo ní kó lọ wo ìdí igi, èmi wà lápá orí. Nígbà tí mo pè é, kò dáhùn. Mo rò pé ó ti padà sọ́dọ̀ yín." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ké orúkọ àbúrò rẹ̀ sínú igbó. Odò gbé e mì. Wọ́n wo fóònù wọn, kò sí nẹ́tíwọ̀kì lórí ìkankan.

"Ó máa fun fèrè," Màmá ní. "Ṣebí wọ́n ní kéèyàn fun fèrè."

Lọ́yà ló kọ́kọ́ wo àpò tó wà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n. "Fèrè dádì mi wà nínú àpò yín, Dádì Ńlá," ó ní. Kò fi ṣe ẹ̀gàn, ó kàn ń sọ ibi tí nǹkan wà.

Ojú Ẹ̀gbọ́n yí padà. Ó fọwọ́ kan okùn àpò náà, ó sì yíjú sínú igbó. "Ẹ dúró síbí. Mò ń bọ̀."

Ìyàwó ti wà níwájú rẹ̀. Òun pàápàá ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ okùn tó yẹ kó dúró sí, ó na apá.

"Ẹ ò ní lọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Kúrò lọ́nà."

"Mi ò kúrò. Ẹ ò mọ ibi tó wà. Ẹ máa wọlé, ẹ̀yin náà máa ṣìnà, á di ẹni méjì tí a ń wá."

"Àbúrò mi ni." Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n."

"Mo mọ̀. Ọkọ mi ni, bàbá ọmọ mi ni, mo sì fẹ́ kó padà ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ẹ dúró síbí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, kẹ́ ẹ bú mi dọ́la."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Jókòó," Màmá ní.

Kò pariwo. Àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì pàṣẹ fún àkọ́bí rẹ̀ rí, òun ló máa ń gba àṣẹ. "Ìwọ náà ọmọ mi ni. Ẹni méjì ò ní sọnù lọ́wọ́ mi lójúmọ́ kan. Jókòó kí ìyàwó mi ṣe ohun tó fẹ́ ṣe."

Ẹ̀gbọ́n jókòó. Àpò náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rántí sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìyàwó fi fèrè sẹ́nu. Ó dún ju bó ṣe rò lọ, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi omi. Ó tún fun ún. Bí ó bá ní òun ò sunkún, irọ́ ló ń pa, omijé ń bọ́ sórí fèrè lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dá èémí òun dúró. Lọ́yà bá a fun tirẹ̀. Màmá ki ọwọ́ sínú àpò tó wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó wá fèrè tirẹ̀ jáde láàárín búrẹ́dì àti omi, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fun ún. Obìnrin mẹ́ta ń fun fèrè lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, èèyàn á rò pé wọ́n ń darí ọkọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ sáré dé láti òkè, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. "Ta ló ṣìnà?" ó ní. "Apá ibo?"

Ìyàwó nawọ́ sí igi tó wó. "Ọkọ mi ni. Apá ìdí igi yẹn ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn."

"Ṣé ẹnikẹ́ni tún tẹ̀ lé e?"

"Kò sí."

"Ẹ ṣeun," ẹ̀ṣọ́ ní. "Ẹ má dákẹ́ o. Tó bá ń gbọ́ yín, ẹ̀yin ló máa wá bá." Wọ́n wọ inú igbó lọ.

Wọ́n ń fun ún lọ. Ètè Ìyàwó ti wú kí ó tó rí aṣọ ẹ̀ṣọ́ láàárín ewé, lẹ́yìn náà ló rí ọkọ rẹ̀ láàárín wọn, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gún ti ya ṣòkòtò rẹ̀. Lọ́yà yọ fèrè lẹ́nu, ó sáré dé ibi okùn, ó sì dúró níbẹ̀. Kò kọjá. Bàbá rẹ̀ ló kọjá wá bá a.

Ọkùnrin náà mu omi kó tó lè sọ̀rọ̀. "Mo rí ẹfọ̀n," ó ní. "Òun àti ọmọ rẹ̀, lápá kejì odò. Mo fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kó má baà rí mi. Nígbà tí mo máa yíjú, mi ò mọ ọ̀nà mọ́. Mo pariwo, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Mo wá na ọwọ́ sọ́rùn." Kò wo ẹnikẹ́ni. "Mo na ọwọ́ sọ́rùn mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó sọ àpò kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó tẹ̀ ba. "Gun ẹ̀yìn mi. O ò lè fi ẹsẹ̀ yìí rìn."

"Mo lè rìn, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní gun ẹ̀yìn mi."

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi ní fèrè mi."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Géètì ò jìnnà mọ́, ẹ̀ṣọ́ méjì sì wà pẹ̀lú wọn, fèrè ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó ṣí àpò, ó mú un jáde. Àbúrò rẹ̀ kọ́ ọ sọ́rùn, ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń tiro lọ. Ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú Màmá. Àsìkò yìí gan-an ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bà á dáadáa.

Lẹ́nu géètì, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi fèrè tirẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tún ti fẹ́ na ọwọ́ gbà á jọ, ó dá ọwọ́ náà padà, ó fi nu ojú.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀, Ìyàwó ò wọlé. Ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí bùùtù."

"Kí lo fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Báàgì ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó ń sọ. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ti àpótí irinṣẹ́ jọ wà lórí okùn kan lọ́rùn rẹ̀, ó di méjèèjì mú. "Ìyàwó mi ti ta kọ́tìnì sí yàrá," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò le mọ́, ó dùn ún ni. "Mo ti sọ fún iléèwé."

"Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Á máa wá kí yín nígbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi lá máa gbé, Ẹ̀gbọ́n. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀ bó ṣe máa ń yíjú sí i, kó lè bá òun pe ìyàwó rẹ̀ padà. Ọkùnrin náà fara ti ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà wà nílẹ̀.

"Ẹ ṣí i fún un, Ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n bọ́ okùn náà kúrò lọ́rùn. Kò ṣí bùùtù fúnra rẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Ìyàwó. Ìyàwó ló ṣí i. Ó gbé báàgì náà jáde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó wá wọlé sẹ́yìn, ó gbé báàgì náà lé itan.

Wọ́n ti rìn díẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀. Ó ń wo Ìyàwó nínú dígí. "Dá a padà sínú bùùtù," ó ní. "Ó wúwo."

"Ó wúwo lóòótọ́, Ẹ̀gbọ́n," Ìyàwó ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e."